Bí Owó Ṣe Ń Dé Ọwọ́ Ẹni Tó Wà Lẹ́wọ̀n ní Kàdúná

Tí wọ́n bá ti gbé ọmọ ẹni láti kóòtù lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n, ìbéèrè tí àwọn ará ilé máa ń bi lọ́yà lẹ́yìn ẹkún ni pé, "Ibo la máa sanwó sí?" Ẹni tó wà ní Òṣogbo ń bi í, ẹni tó wà ní Kawo nínú Kàdúná gan-an náà ń bi í. Wọ́n ti gbọ́ pé lókè òkun, ẹlẹ́wọ̀n ní àkáǹtì tirẹ̀, èèyàn lè jókòó sí pálọ̀ kó fi fóònù sanwó sí i. Ní Nàìjíríà, kò sí nọ́ńbà kan tí gbogbo ayé ń san owó ẹlẹ́wọ̀n sí. Ohun tó wà ni ìwé ńlá kan nínú ọ́fíìsì, wọ́dà tó ń kọ ọ́, àti ẹni tó gbé owó dé ẹnu géètì. Bí ẹ bá mọ bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe ń bára wọn ṣiṣẹ́, owó yín á dé ibi tó ń lọ. Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ óò kàn máa náwó ni.

Kí owó tó kúrò lápò yín rárá, ẹ mọ ibi tí ẹni yín wà. Ọgbà tó wà láàárín ìgboro Kàdúná, ní Independence Way, ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀. Àwọn àgbà ìlú ṣì ń pè é ní Convict, Hausa ń pè é ní gidan yari, orúkọ tí ìjọba fi ń pè é láti ìgbà tí òfin tuntun ti jáde ní 2019 sì ni Medium Security Custodial Centre. Ṣùgbọ́n kóòtù tó jókòó ní Kàdúná lè fi èèyàn ránṣẹ́ sí ibòmíràn. Ọgbà wà ní Zaria, ó wà ní Kafanchan, wọ́n sì máa ń kó àwọn èèyàn láti ọ̀kan lọ sí òmíràn bí àyè bá há. Àwọn ọ̀dọ́langba tí kóòtù bá fi sí ilé ìtọ́sọ́nà Borstal tó wà ní Barnawa, ètò tiwọn tún yàtọ̀, nítorí ilé ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ ọwọ́ ni ibẹ̀, àwọn òbí sì gbọ́dọ̀ bá àwọn alábòójútó sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó mú ohunkóhun wá. Ẹni tó bá lọ sí géètì tí kì í ṣe ti ẹni rẹ̀ lè pàdánù owó ọkọ̀ nìkan. Èyí tó burú ni kó pàdé ẹni tó máa sọ pé, "Ẹ kó o wá, mo mọ̀ ọ́n."

Ọ̀rọ̀ orúkọ tún wà níbẹ̀. Orúkọ tó wà lórí wáráǹtì kóòtù ni ọgbà ẹ̀wọ̀n mọ̀, bó ti wù kó rí. Akọ̀wé kóòtù tí kì í ṣe Yorùbá lè kọ Ṣẹ́gun ní Shegun, ó lè fi orúkọ bàbá ṣe orúkọ ọmọ. Ẹni tó jẹ́ Mùsùlùmí láàárín wa, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Káṣìmáawò, lè wọ inú ìwé gẹ́gẹ́ bí Musa Ibrahim lásán, nínú ọgbà tí Musa Ibrahim pọ̀ bí eṣú. Nítorí náà, ẹ gba ẹ̀dà wáráǹtì náà lọ́wọ́ lọ́yà tàbí lọ́wọ́ akọ̀wé kóòtù, kí ẹ kọ orúkọ ibẹ̀ sílẹ̀ lẹ́tà kan sí òmíràn, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹjọ́, orúkọ kóòtù àti ọjọ́ tí wọ́n gbé e wọlé. Ìwé pélébé yẹn níye lórí ju owó tó wà lápò yín lọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ẹnìkan lè ní, ṣé ìjọba kì í bọ́ wọn ni? Ìjọba ń bọ́ wọn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ₦450 ni wọ́n ń ná lórí oúnjẹ ẹlẹ́wọ̀n kan lóòjọ́. Ó di ₦750, ní 2024 wọ́n sì tún fi ìdajì lé e, ó di ₦1,125. Kò kan ẹlẹ́wọ̀n lọ́wọ́. Agbaṣẹ́ṣe ló ń gbà á, tó ń fi kó ẹ̀wà, ìrẹsì àti gàrí wá. Kí ẹni tó bá ń dáná nílé fi ₦1,125 ra oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta fún ọkùnrin géńdé kan ní ọjà Sheikh Gumi, kó wá wo ohun tó máa gbé wálé. Ẹ tún rántí pé owó oúnjẹ nìyẹn. Ọṣẹ ìwẹ̀, ọṣẹ ìfọṣọ, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, bàtà sílípáàsì, aṣọ tó mọ́ fún ọjọ́ kóòtù, oògùn ibà, páàdì fún obìnrin, gbogbo ìwọ̀nyí ni ará ilé ń gbé. Iye àwọn tó wà lẹ́wọ̀n káàkiri Nàìjíríà tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn ni kóòtù kò sì tíì dá lẹ́bi. Wọ́n ń dúró de ẹjọ́ ni. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n fúnra wọn ń fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́: àwọn tó ń dúró de ẹjọ́ ni wọ́n ń pè ní ATM (Awaiting Trial Men), bí ẹ̀rọ tó ń pọ owó, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ní kọ́bọ̀.

Ní ọjọ́ tí èèyàn bá wọlé, ibi tí wọ́n ti ń gba àlejò tuntun ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú un lọ. Wọ́n á tú àpò rẹ̀. Aago, òrùka, bẹ́líìtì, káàdì báǹkì, fóònù, owó tó kù lápò, wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì. Wọ́dà á máa kà á, ẹnì kejì á máa kọ ọ́ sínú ìwé, ẹni tó ni ẹrù á buwọ́ lù ú tàbí kó tẹ ìka sí i. Láti ọjọ́ náà lọ, owó lọ́wọ́ ẹlẹ́wọ̀n di ohun èèwọ̀, bíi fóònù. Owó rẹ̀ ti di owó àdáni tí ọgbà ń bá a tọ́jú. Èyí kì í ṣe àṣà Kàdúná nìkan. Ìlànà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní oṣù Ọ̀pẹ 2015, tí wọ́n fi orúkọ Nelson Mandela pè, sọ ọ́ ní ìlà 67 pé kí wọ́n kọ owó àti ohun iyebíye ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀, kó buwọ́ lù ú, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀. Owó tí wọ́n bá tún gbé wá fún un láti ìta, ọ̀nà kan náà ni kó gbà. Ìlà 114 fún ẹni tí kóòtù kò tíì dá lẹ́bi ní ẹ̀tọ́ láti jẹ oúnjẹ tí ará ilé rẹ̀ gbé wá.

Owó àdáni yìí ni ẹ̀ka tí gbogbo èèyàn ń pè ní Welfare ń bójú tó. Àwọn ni ẹ óò béèrè lẹ́nu géètì, ẹ má ṣe béèrè wọ́dà tó dúró síta, bó ti wù kó máa rẹ́rìn-ín tó. Ètò náà kò le. Ẹni tó gbé owó wá á sọ orúkọ ẹlẹ́wọ̀n bó ti wà lórí wáráǹtì, wọ́n á wá orúkọ náà rí, wọ́n á kọ iye owó sí i. Tí ẹlẹ́wọ̀n bá fẹ́ nǹkan, á sọ fún wọn, wọ́n á rà á tàbí kí wọ́n jẹ́ kó rà á níbi tí wọ́n ti ń tajà nínú ọgbà, wọ́n á sì yọ owó rẹ̀. Lórí ìlà yín nínú ìwé, nǹkan márùn-ún ló yẹ kẹ́ ẹ fi ojú ara yín rí kẹ́ ẹ tó dìde: ọjọ́, iye tí ẹ mú wá, orúkọ yín, iye tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àti ìbuwọ́lù ẹni tó gbà á. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní rísíìtì. Bí wọ́n bá ní rísíìtì ti tán, ẹ mú bírò yín, ẹ kọ iye náà sórí ìwé tiyín, kí ẹ bẹ ẹni tó gbà á kó buwọ́ lù ú. Ẹ fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ ẹ́. "Ọ̀gá, màmá wa nílé ló máa bi mí" máa ń ṣiṣẹ́ ju àríyànjiyàn lọ, òtítọ́ sì ni.

Lẹ́yìn náà lẹ tó máa rí ẹni yín. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu yín ni iye owó náà. Ẹ sọ ọ́ sókè, kí wọ́dà tó jókòó tì yín gbọ́: "Mo fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún sílẹ̀ fún ẹ ní Welfare lónìí." Ẹ tún bi í léèrè iye tó gbà nínú ti ìgbà tó kọjá. Ọ̀pọ̀ ìdílé ń lo ìṣẹ́jú díẹ̀ tí wọ́n fún wọn láti fi sunkún, wọ́n á padà wálé láìmọ̀ bóyá owó oṣù tó kọjá dé tàbí kò dé. Mi ò ní kí wọ́n má sunkún o, ṣùgbọ́n kí ìṣirò ṣáájú.

Mo ní kí n sọ ti ẹrù, nítorí nínú èrò tèmi, ẹrù dára ju owó lọ. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà lè kéré sí i ní ọwọ́ mẹ́rin kó tó dé inú iyàrá. Kóńgò gàrí méjì, ọṣẹ mẹ́fà, pákẹ́ẹ̀tì ṣúgà kan àti kúlíkúlí ti àríwá yìí ṣòro láti dín kù láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n á já búrẹ́dì sí méjì. Wọ́n á fi ọ̀bẹ gún ẹ̀bà tàbí túwó títí dé ìsàlẹ̀ abọ́. Wọ́n lè gé ọṣẹ láàárín, wọ́n á da gàrí sínú ike mìíràn kí wọ́n lè rí ìdí rẹ̀. Oúnjẹ tí ẹ sè, wọ́n lè ní kí ẹ̀yin tí ẹ gbé e wá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú wọn. Ẹ má bínú. Àwọn tó ti kó fóònù, káàdì SIM àti igbó sínú búrẹ́dì ló fa èyí, ẹni tí wọ́n bá sì ká irú rẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ lè di ẹni tí wọ́n ń gbé oúnjẹ wá fún lẹ́yìn ọ̀la. Nítorí náà, nǹkan tí wọ́n lè tú wò kíákíá ni kẹ́ ẹ gbé: inú ọ̀rá funfun, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ inú agolo tí wọ́n ti lẹ̀. Oògùn ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn nínú ọgbà, kí orúkọ ẹni náà wà lára rẹ̀. Fóònù tiyín náà, ẹnu géètì ni yóò kù sí, nítorí náà ẹ kọ gbogbo nọ́ńbà tí ẹ nílò sórí ìwé kẹ́ ẹ tó jáde nílé.

Gàrí yìí, nínú ọgbà, oúnjẹ ni, owó náà ni. Nígbà tí wọ́n ti ní kí náírà má wọlé, ohun mìíràn ti gba ipò rẹ̀. Ọṣẹ kan lè ra ife gàrí. Ife gàrí lè jẹ́ owó ẹni tó bá ọ fọṣọ. Ṣúgà àti ìpara ní iye tiwọn. Ẹni tí kò ní àlejò kankan á máa fọṣọ fún ẹni tó ní. Ẹ wá rí i pé ohun tí ẹ gbé wá kì í ṣe fún ẹnu ẹni yín nìkan. Òun ló fi ń ra àlàáfíà, ibi ìsùn tó sunwọ̀n díẹ̀, àti pé kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ di ọmọ ọ̀dọ̀. Ewu kejì sì wà níbẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ bá pọ̀ jù, gbogbo ojú á wà lára rẹ̀, láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó jẹ́ olórí iyàrá títí dé ọ̀dọ̀ àwọn kan tó wọ aṣọ ìjọba. Díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóṣù sàn ju òbítíbitì lẹ́ẹ̀kan lọ́dún lọ.

Owó ẹlẹ́wọ̀n kì í ṣe ohun tuntun ní Kàdúná. R. H. Dolan, òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá àgbà fún ọgbà ẹ̀wọ̀n ní Nàìjíríà láti 1946 sí 1955, ló mú ètò kan wọlé pé kí àwọn tó kọ́kọ́ ṣẹ̀, tí ẹ̀wọ̀n wọn sì gùn, máa gba owó díẹ̀díẹ̀ lórí iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Òun náà ló kọ́ ọgbà kan sí Kakuri lẹ́bàá Kàdúná ní 1953 fún àwọn tí wọ́n dá ní ọdún 15 sókè, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ láìsí ìṣọ́ tó le. Lójú tèmi, ìgbà yẹn ní ohun kan tí tiwa kò ní. Ẹlẹ́wọ̀n tó ń ṣiṣẹ́ tó ń gbowó kò ní máa wo ojú ọ̀nà ará ilé lójoojúmọ́. Ìlànà Mandela ṣì sọ ọ́ ní ìlà 103 pé kí iṣẹ́ lérè, kí ẹlẹ́wọ̀n lè ná díẹ̀, kó fi díẹ̀ ránṣẹ́ sílé, kí wọ́n sì pa díẹ̀ mọ́ dè é. Níbi tí ètò yìí kò bá ti lágbára, ará ilé ni àkáǹtì.

Ní 2020 la rí bí ọ̀nà kan ṣoṣo yìí ṣe gbẹgẹ́ tó. Nígbà tí kòrónà dé, ìjọba dá ìbẹ̀wò dúró ní gbogbo ọgbà ẹ̀wọ̀n. Kò sí àlejò mọ́, nítorí náà kò sí owó, kò sí gàrí, kò sí ọṣẹ, ní àkókò tí wọ́n ní kí gbogbo ayé máa fi ọṣẹ fọwọ́. Kí oṣù Ẹrẹ́nà tó parí, rògbòdìyàn ti bẹ́ sílẹ̀ nínú ọgbà Kàdúná.

Kí wá ni kí ẹni tó wà ní Àkúrẹ́, tàbí tó wà ní Houston, ṣe? Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe, tí ẹ̀yin náà ti gbọ́, ni pé wọ́dà kan á fún wọn ní nọ́ńbà àkáǹtì ara rẹ̀, tàbí ti ẹlẹ́rọ POS kan lẹ́bàá géètì, wọ́n á fi owó ránṣẹ́, wọ́dà á yọ tirẹ̀ lórí rẹ̀, á sì fún ẹlẹ́wọ̀n ní ìyókù. Mi ò ní ṣe bí ẹni pé kì í ṣẹlẹ̀. Nígbà míì owó náà ń dé. Ṣùgbọ́n kò wọ inú ìwé kankan. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé wọ́dà náà lọ sí Sokoto, tàbí tó bá sọ pé òun ò rí álẹ́ẹ̀tì, kò sí ibi tí ẹ lè fi ẹjọ́ sùn láìfi ara yín sùn pẹ̀lú. Ẹni tó bá gba owó náà lọ́wọ́ wọ́dà ní ìkọ̀kọ̀ sì ti ní ohun èèwọ̀ lọ́wọ́; bí wọ́n bá yẹ iyàrá wò, òun ni yóò jìyà rẹ̀.

Ìjọba náà mọ̀ pé àlàfo yìí wà. Ní 2024, lẹ́yìn ariwo ńlá kan tó jáde láti ọgbà ẹ̀wọ̀n Kírìkírì ní Èkó, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, Olúbùnmi Túnjí-Òjó, gbé ìgbìmọ̀ dìde láti wádìí ẹ̀sùn pé owó ń ra ìrọ̀rùn nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n, wọ́n sì dá àwọn ọ̀gá kan dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ṣáájú ìyẹn, ní 2019, àjọ EFCC kéde pé ẹnì kan tó ń ṣẹ̀wọ̀n ọdún 24 ní Kírìkírì ń lo íntánẹ́ẹ̀tì àti àkáǹtì báǹkì láti inú ẹ̀wọ̀n, ó sì ń fi lu jìbìtì tó tó mílíọ̀nù dọ́là kan. Bí ẹ bá bi wọ́dà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ pé kí ló dé tí wọn kì í jẹ́ kí ẹlẹ́wọ̀n fọwọ́ kan owó, irú ẹjọ́ yìí ni yóò kà fún yín.

Ọ̀nà tó dára jù fún ẹni tó wà lọ́nà jíjìn ni kó wá èèyàn kan ní ìgboro tí yóò máa lọ síbẹ̀. Yorùbá kò ṣọ̀wọ́n ní Kàdúná. Láti ìgbà rélùwéè, láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ aṣọ ní Kakuri ṣì ń gba òṣìṣẹ́, ni àwọn èèyàn wa ti ń gbé Tudun Wada, Kawo, Kakuri àti Sabo. Ìjọ yín ní ẹ̀ka níbẹ̀, ẹgbẹ́ ìlú yín ń ṣèpàdé níbẹ̀, mọ́ṣáláṣí àwọn Yorùbá wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjọ àti ẹgbẹ́ Mùsùlùmí ló ń lọ wàásù nínú ọgbà déédéé, àwọn wọ́dà sì mọ̀ wọ́n lójú. Ẹ fi owó ránṣẹ́ sí ẹni tẹ́ ẹ mọ bàbá rẹ̀. Kó rajà nínú rẹ̀, kó fi ìyókù sí Welfare, kó ya fọ́tò rísíìtì ránṣẹ́ sí yín nígbà tó bá jáde tó gba fóònù rẹ̀ padà. Ẹ fún un lówó ọkọ̀ o. Ẹ̀gbọ́n tó ń fi owó ara rẹ̀ wọ Kẹ̀kẹ́ NAPEP láti Kakuri lọ sí Independence Way fún oṣù mẹ́ta kò ní sọ pé ó ti sú òun, á kàn dẹ́kun lílọ ni. Lọ́yà náà lè gbé owó wọlé bó bá ń lọ rí oníbàárà rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí owó ẹjọ́ àti owó gàrí wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú àdéhùn yín.

Ẹ wá wo ibi tí èyí kò ti rí bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba fúnra rẹ̀ ní ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì tí èèyàn fi ń sanwó sí ẹlẹ́wọ̀n. Nọ́ńbà ẹlẹ́wọ̀n àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni wọ́n ń béèrè, wọn kì í gba owó iṣẹ́ kankan, owó sì ń dé láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta. Ará ilé yín tó bá wà nínú ọgbà ní Lọ́ńdọ̀nù, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe é, kẹ́ ẹ má ṣe fi owó sínú lẹ́tà. Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ ti sọ ọ́ di òwò. Ilé iṣẹ́ bíi JPay ń gbowó lórí owó tí ìyá bá fi ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀wọ̀n ìpínlẹ̀, àjọ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà níbẹ̀ sì ní kí wọ́n san mílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là ní 2021 nítorí bí wọ́n ṣe ń yọ owó lórí káàdì àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Nítorí náà, ẹ̀rọ nìkan kò tó. Bí wọ́n bá gbé tiwa sórí fóònù lọ́la, ohun tí màá kọ́kọ́ béèrè ni ta ló ń yọ èlé níbẹ̀.

Àwọn gbájúẹ̀ ti mọ ojú ọgbẹ́ yìí. Fóònù á dún ní aago mẹ́fà ìdájí: "Ṣé ẹ̀yin ni màmá Ìbrahim? Láti ọgbà ẹ̀wọ̀n Kàdúná ni. Ọmọ yín dákú mọ́jú, a fẹ́ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta ránṣẹ́ kíákíá." Ó lè mọ orúkọ, ó lè mọ ẹjọ́, nítorí kóòtù kì í ṣe ibi àṣírí. Ẹ bi í ní orúkọ rẹ̀, ipò rẹ̀ àti orúkọ ọ̀gá tó wà lórí ọgbà náà, kí ẹ ní ẹ óò rán èèyàn wá ní wákàtí kan sí i. Ẹni tó bá jẹ́ wọ́dà tòótọ́ á ní kẹ́ ẹ máa bọ̀. Gbájúẹ̀ á bínú. Ìdí mìíràn rèé tó fi dára kí èèyàn yín kan wà ní ìgboro.

Owó kan wà tí kò gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ Welfare kọjá rárá: owó ìtanràn. Bí adájọ́ bá ní "oṣù mẹ́fà tàbí ₦50,000", owó ìjọba ni ₦50,000 yẹn. Ọ̀dọ̀ akọ̀wé kóòtù lẹ ti máa gba ìwé bí ẹ óò ṣe san án sínú àkáǹtì ìjọba, rísíìtì rẹ̀ ni kóòtù fi máa kọ ìwé ìdásílẹ̀ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ẹ tún mọ̀ pé òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀ tó jáde ní 2015 gbà kí ẹni tó ti wọlé san díẹ̀ nínú rẹ̀, kí ọjọ́ rẹ̀ sì dín kù ní ìwọ̀n ohun tó san. Ọ̀pọ̀ kò mọ èyí, wọ́n á máa kó owó jọ títí ẹ̀wọ̀n á fi parí. Iye àwọn tó há sí ẹ̀wọ̀n nítorí irú owó báyìí pọ̀: ní oṣù Bélú 2023, ìjọba àpapọ̀ gba ₦585 mílíọ̀nù lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́, wọ́n fi tú ẹlẹ́wọ̀n 4,068 sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè, gbogbo wọn jẹ́ ẹni tí ìtanràn wọn kò ju mílíọ̀nù kan náírà lọ. Ẹ pín in wò. Kò tó ₦150,000 lórí ẹnì kan. Ti béèlì náà kì í ṣe ohun tí wọ́n ń rà ní ẹnu géètì. Kóòtù ló ń fúnni ní béèlì, oníduùró ló ń fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá ní òun á gba owó béèlì lọ́wọ́ yín nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n ń tajà tí kò ní.

Ìgbà méjì ni owó àdáni máa ń sọnù jù, bẹ́ẹ̀ ìgbà méjèèjì ni àwọn èèyàn kì í rántí béèrè rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ìgbà tí wọ́n bá gbé ẹlẹ́wọ̀n láti Kàdúná lọ sí Zaria tàbí ibòmíràn: òun á ti wọ ọkọ̀, ìwé owó rẹ̀ á ṣì wà nílẹ̀. Owó náà yẹ kó bá ẹrù rẹ̀ lọ. Ẹ mú rísíìtì yín lọ sí Welfare ti Kàdúná láàárín ọ̀sẹ̀ náà, kẹ́ ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ àti ẹni tó gbà á lọ́hùn-ún. Èkejì ni ọjọ́ ìdásílẹ̀. Inú gbogbo èèyàn á ti dùn, ẹni náà á fẹ́ sáré jáde kí wọ́n tó pè é padà. Tábìlì tí wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ tó wọlé náà ni yóò tún dúró sí. Kí ó jẹ́ kí wọ́n ka aago rẹ̀ fún un, káàdì báǹkì rẹ̀, bẹ́líìtì rẹ̀, àti owó tó ṣẹ́kù lórí ìlà rẹ̀. Kó kà á lójú wọn kó tó buwọ́ lù ú. Bí owó bá dín, ọ̀gá tó wà lórí ọgbà ni kó béèrè lọ́jọ́ náà gan-an, kó tó kọjá géètì; lẹ́yìn ìyẹn, lẹ́tà lọ́yà sí ọ́fíìsì kọ̀ńtírólà ìpínlẹ̀ Kàdúná ló kù, pẹ̀lú ẹ̀dà gbogbo rísíìtì tí ẹ ti ń kó pamọ́.